Ọkọ̀ ni mo fẹ́ rà, ọkọ ni wọ́n ń béèrè

Adùnní Houston:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò níhìn-ín ní Houston. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gba owó oṣù lórúkọ ara mi. Mo ti yan ọkọ̀, mo ti jókòó sínú rẹ̀, mo ti gbóòórùn awọ àga rẹ̀ pàápàá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣètò owó yíyá wo ìwé owó oṣù mi, ó wo òrùka ọwọ́ mi, ó wá yí fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ mi, ó fi bíró tẹ ojú ìlà kan tó ṣófo nísàlẹ̀. Ó ní ọkọ mi ló máa fọwọ́ sí ibẹ̀. Mo ní ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé. Ó ní kí n padà wá tó bá dé. Mo ní ṣé owó oṣù mi ni kò tó ni? Ó ní ó tó, pé bí àwọn ṣe máa ń ṣe é fún abilékọ nìyẹn.

Ọkọ̀ ni mo fẹ́ rà o, ọkọ ni wọ́n ń béèrè! Ṣé òfin gbà á bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìnáwó, ìyá. Ẹ má bínú sí mi o, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí obìnrin bá fẹ́ yá owó tó lórúkọ, ta ló yẹ kó mọ̀ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀? Bí ẹ ò bá rí i san, ojúlé ta ni wọ́n máa wá kàn? Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀je. Igi tí ìyàwó bá bẹ́, àárín ilé ọkọ ló máa wó sí.

Ẹnu-ò-Sinmi:
Bó bá jẹ́ pé ọkọ ni ìdógò, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wo iye kìlò tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ṣebí Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ obìnrin Amẹ́ríkà yẹn, ló ṣòfin tó fòpin sí gbogbo ìyẹn? Mo rí i níbì kan pé kó tó di 1974, òfin Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ kí obìnrin ní àkáǹtì báǹkì.

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó yíyá kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á bó ṣe rí.

Ẹnu-ò-Sinmi, àṣìṣe méjì lo kó sínú ìlà méjì. Kò sí òfin Amẹ́ríkà kankan tó sọ ní 1973 pé obìnrin ò gbọdọ̀ ní àkáǹtì. Ohun tó wà ni pé kò sí òfin tó di báǹkì lọ́wọ́, nítorí náà olúkúlùkù ń ṣe bó ṣe wù ú. Èyí tó bá fẹ́ yá obìnrin lówó á yá a, èyí tó bá sì fẹ́ kó mú ọkọ wá á sọ bẹ́ẹ̀. Ginsburg sì kọ́ ló ṣòfin yìí. Lọ́yà ni nígbà náà, ó ń gba ẹjọ́ àwọn obìnrin rò nílé ẹjọ́, iṣẹ́ ńlá ló ṣe, àmọ́ àwọn aṣòfin ló ń ṣòfin.

Orúkọ òfin náà ni Equal Credit Opportunity Act. Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1974, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ọdún yí po. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, nǹkan méjì péré ló dárúkọ: ẹni tó ń yáni lówó ò gbọdọ̀ tìtorí akọ tàbí abo, tàbí tìtorí pé èèyàn ti ṣègbéyàwó tàbí kò ṣe, fowó dù ú. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fi ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, ilẹ̀ tí èèyàn ti wá, ọjọ́ orí àti owó ìrànwọ́ ìjọba kún un. Ìlànà tó ń tọ́ka bí wọ́n ṣe máa lò ó ni Regulation B, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Adùnní wà. Bí ẹni tó wá yáwó bá kájú òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ní kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó oṣù tó. Ó ti tán nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ọ̀gbẹ́ni Akọ̀wé, òfin òyìnbó lẹ ń kà. Èmi ń béèrè ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yáni lówó, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ilé tí owó òun ń lọ? Àwọn Òṣómàáló tó ń gbé aṣọ káàkiri láyé àtijọ́, wọ́n ń mọ ilé kí wọ́n tó fi aṣọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá gba owó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń lóṣòó sí.

Àlàkẹ́ Gbági:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ará Ìbàdàn ni, aṣọ ni mò ń tà. Òṣómàáló tí ẹ dárúkọ, ọwọ́ ẹni tó bá gba aṣọ ló ti ń gbowó. Bí ìyá mi bá gba aṣọ mẹ́ta láwìn, ẹnu ọ̀nà ìyá mi ni wọ́n ń lóṣòó sí. Bàbá mi á kí wọn, á ní kí wọ́n fún àlejò lómi, á bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, owó ọjà ìyá mi lọ́tọ̀, owó bàbá mi lọ́tọ̀. Níbo lẹ ti wá rí i pé àṣà wa ni kí ọkọ máa fọwọ́ sí gbèsè ìyàwó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Gbọ́mú-lé-láńtà ni, àwọn tó ń yá obìnrin lówó ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin mẹ́wàá la wà nínú ẹgbẹ́ wa, a ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹnì kan ò bá san, gbogbo wa la máa dá a. Ṣé ẹ rí i pé a ti dúró fún ara wa? Síbẹ̀ wọ́n ní kí olúkúlùkù mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wá. Opó kan wà láàárín wa, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní tí kò bá sí ọkọ, kó mú ọkùnrin ilé ọkọ wá. Àbúrò ọkọ ló lọ bá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ọmọkùnrin yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kò sì sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń tajà ló ń wá ẹni tí ò ríṣẹ́ kó wá dúró fún òun!

Màmá Peckham:
Àlàkẹ́, o rán mi létí nǹkan kan. Ọdún 1978 ni mo dé London. Ọkọ mi ń kàwé, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ ilé ìwòsàn. A ò ní ju bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí aṣọ, ni mo bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àga, láti gba àga tí mo máa san díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà gba ìwé owó iṣẹ́ mi, ó ní mo ṣeun, àmọ́ kí ọkọ mi wá. Mo ní èmi ni mò ń bọ́ ọ o. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ mi wá, ó fọwọ́ sí i, wọn ò tiẹ̀ béèrè iye tó ń wọlé fún un. Mo san án títí dé orí pẹ́nì ìkẹyìn. Ìwé tó sọ pé gbèsè ti tán dé, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Mo ṣì ní i nínú fáìlì.

Ohun tó dùn mí ni pé òfin ti wà nígbà yẹn. Sex Discrimination Act ti 1975 ti sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó dárúkọ owó yíyá àti ọjà àwìn pàápàá. Èmi ni n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn gbé irú rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, Quinn àti ilé iṣẹ́ Williams Furniture ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà, inú ìwé ẹjọ́ ti 1981 ló wà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní bí ọkùnrin tó wà nírú ipò ìyàwó yẹn bá wá, tí wọn ò ní béèrè onídùúró lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò lè béèrè ọkọ lọ́wọ́ obìnrin.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Màmá, ẹ kú ọjọ́. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, n ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tó kù yìí, mo ṣì ń bọ̀ wá bá wọn.

Àlàkẹ́ tó dárúkọ gbọ́mú-lé-láńtà, ṣé kò ní sọ ìdajì kejì? Èmi náà lọ síbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n ní obìnrin nìkan ni àwọn ń yá. Pé kí n rán ìyàwó mi wá. Ìyẹn ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ojúsàájú?

Ẹnu-ò-Sinmi:
Ó tì ooo! Bàbá ti gbá a wọlé.

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, bàbá. Òfin tí mò ń sọ yìí ń dáàbò bo ọkùnrin bó ṣe ń dáàbò bo obìnrin, kò kọ "obìnrin" sínú ara rẹ̀, "akọ tàbí abo" ló kọ. Bí báǹkì kan ní Baltimore bá kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ò yá ọkùnrin lówó mọ́, ó ti rú u. Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀: ẹni tó ń yáni lówó lè gbé ètò àkànṣe kalẹ̀ fún àwọn tí kì í sábà rí owó yá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti àwọn tó wà fún. Bóyá ti àwọn tó lé yín padà kájú rẹ̀, tàbí ohun tí wọ́n rí ni pé obìnrin ń san owó dáadáa tí ẹnu sì ń tì wọ́n láti sá, ẹ̀yin ẹ sọ.

Àlàkẹ́ Gbági:
Èkejì ni. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin kì í fẹ́ kí wọ́n wá pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù òun.

Tádé Kọ̀ǹpútà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àríyànjiyàn. Ayé ti kọjá bíró àti fọ́ọ̀mù o, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu báyìí, kò mọ ẹni tó fi òrùka sọ́wọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Apple Card ní oṣù Kọkànlá 2019? Ọkùnrin kan tó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, David Heinemeier Hansson, kọ ọ́ sórí Twitter pé òun àti ìyàwó òun jọ ń san owó orí pọ̀, síbẹ̀ iye tí wọ́n gbà kí òun ná fi ìlọ́po ogún ju tìyàwó òun lọ. Steve Wozniak fúnra rẹ̀, tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé òun, ìlọ́po mẹ́wàá. Ariwo ta. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York gbé e yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹta 2021 wọ́n gbé àbájáde jáde: wọn ò rí i pé Goldman Sachs, báǹkì tó wà nídìí káàdì náà nígbà yẹn, rú òfin. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Fọlákẹ́ Dallas:
Tádé, o ka orí ìròyìn náà, o ò ka ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé báǹkì ń wo àkọsílẹ̀ gbèsè oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí tọkọtaya rò pé nítorí àwọn jọ ń náwó, báǹkì á wo àwọn bí ẹnì kan. Bí orúkọ ọkọ bá wà lórí ìwé ilé àti gbogbo káàdì, tí ìyàwó kàn ń lo káàdì tí ọkọ fún un, ìwé ọkọ á nípọn, ti ìyàwó á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé obìnrin ni, ó kàn mọ̀ pé ìwé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló mú un tẹ́ẹ́rẹ́?

Adùnní, ẹ gbọ́ tèmi náà, nítorí Texas ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín, Àjàní sì ń sọ̀rọ̀ láti Maryland. Texas wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí òfin wọn sọ pé ohun tí tọkọtaya bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ti àwọn méjèèjì ni. California, Louisiana àti Arizona wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ẹni tó ń yáni lówó níbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ẹ lọ́kọ. Béèrè ni mo sọ o! Ọ̀nà mẹ́ta péré ni Regulation B sì gbà kó pè é: ẹ ti ṣègbéyàwó, ẹ kò sí nínú ìgbéyàwó, tàbí ẹ ti ya ilé. Kò kàn án bóyá opó ni yín tàbí dálémoṣú. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ béèrè bóyá ẹ fẹ́ bímọ sí i.

Ṣùgbọ́n òfin Texas kan náà ló sọ pé owó oṣù tí ìyàwó bá fi òógùn ara rẹ̀ gbà, ìkáwọ́ òun nìkan ló wà, bí kò bá ti dà á pọ̀ mọ́ tọkọ. Owó yẹn ni ẹ fẹ́ fi san owó ọkọ̀. Kí ni wọ́n wá ń wá ìbuwọ́lù ọkọ ṣe?

Ilé ló yàtọ̀. Ní Texas, ilé tí tọkọtaya ń gbé, ẹnì kan ò lè dá a fi ṣe ìdógò, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìwé tó fi ilé dúró ni ọkọ máa fọwọ́ sí, kì í ṣe ìwé tó sọ pé òun náà jẹ gbèsè. Ìwé méjì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó méjèèjì síwájú pọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí i láìwo ojú ìwé.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ dúró ná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé bí ọkọ ò bá fọwọ́ sí i, gbèsè ìyàwó ò kàn án?

Fọlákẹ́ Dallas:
Níbí ni o. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ọkọ nìkan, ẹni tí ìyàwó lọ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè gbé e, àyàfi bí gbèsè náà bá jẹ́ ti ohun tí èèyàn ò lè má nìí, bí oúnjẹ àti ìwòsàn.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Háà. Ìyẹn ni pé ọkọ Adùnní ni wọ́n fẹ́ fi há sínú gbèsè, tí ẹ̀yin sì rò pé ìyàwó nìkan ni wọ́n fi wọ́lẹ̀.

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Bàbá, ẹ ti dé ibẹ̀. Kì í sì í ṣe ọkọ nìkan. Ẹjọ́ kan wà láti Missouri, Hawkins àti Community Bank of Raymore. Ilé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yá owó tó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là láti kọ́ ilé tà. Báǹkì ní kí àwọn ìyàwó wọn wá ṣe onídùúró, àwọn tí kò sí nínú òwò náà rárá. Nígbà tí owó dà nù, báǹkì kọjú sí àwọn ìyàwó. Àwọn ìyàwó ní nítorí pé àwọn lọ́kọ ni wọ́n ṣe fi àwọn sínú rẹ̀, òfin 1974 sì kọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní onídùúró kì í ṣe ẹni tó wá yáwó, nítorí náà òfin ò bò ó. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2016, adájọ́ mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún, nítorí Scalia, adájọ́ kẹsàn-án, ti kú, wọn ò tíì rọ́pò rẹ̀. Ìdájọ́ ti tẹ́lẹ̀ ló dúró. Títí di báyìí, apá ibi tí o bá ń gbé ní Amẹ́ríkà lè yí ìdáhùn padà.

Ẹnu-ò-Sinmi:
Èmi ṣì fẹ́ mọ bó ṣe burú tó tẹ́lẹ̀. Tí òfin ò bá kà á léèwọ̀, kí ni wọ́n ń pariwo lé lórí?

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Ó burú. Ní 1972, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí owó yíyá pe àwọn obìnrin jọ láti gbọ́ ẹnu wọn. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé bí tọkọtaya bá wá yáwó kọ́lé, wọ́n máa ń gé owó oṣù ìyàwó sí méjì tàbí kí wọ́n má kà á rárá, nítorí wọ́n ní ó máa tó bímọ, á fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà á, àwọn kan ń béèrè ìwé dókítà tó sọ pé ìyàwó ò lè bímọ mọ́ tàbí pé ó ń lo ohun tí kò ní jẹ́ kó lóyún. Ẹ fojú inú wò ó, kí ọkọ àti ìyàwó máa gbé ìwé inú ìyàwó lọ fún akọ̀wé báǹkì! Kathryn Kirschbaum jẹ́ olórí ìlú Davenport ní ìpínlẹ̀ Iowa, òun ló ń darí ìlú, àmọ́ nígbà tó fẹ́ gba káàdì BankAmericard, wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Obìnrin tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni Lindy Boggs láti Louisiana. Ọkọ rẹ̀, Hale Boggs, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú kan tó sọnù ní Alaska ní 1972, wọn ò rí i títí dòní. Ìyàwó dé ipò rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1973. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, wọ́n gbé àbá òfin kan síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ báǹkì, kò sí ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo tàbí ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Ó mú bíró, ó fọwọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó pín in fún gbogbo wọn. Ó wá fi ohùn tútù sọ fún wọn pé òun mọ̀ pé wọ́n kàn gbàgbé ni. Ta ló máa dìde níbẹ̀ kó ní òun ò gbàgbé?

Màmá Peckham:
Ọgbọ́n ìyálé nìyẹn.

Àlàkẹ́ Gbági:
Ó dáa, ẹ ti sọ ti Amẹ́ríkà, ẹ ti sọ ti London. Ti wa ńkọ́? Opó ẹgbẹ́ mi yẹn, ta ló máa gbà á sílẹ̀?

Fọlákẹ́ Dallas:
Ibẹ̀ ló ti le. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42, kọ ìyàtọ̀ ṣíṣe láàárín akọ àti abo, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òfin àti iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ló dojú kọ. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń yáni lówó á ní kò kan òun. Nàìjíríà tún fọwọ́ sí CEDAW, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, ní 1985, èyí tó sọ ní pàtó pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí owó báǹkì bíi ti ọkùnrin. Àmọ́ ilé aṣòfin wa ò tíì sọ ọ́ di òfin ilé, abala 12 ìwé òfin kan náà sì ní àdéhùn tí wọn ò bá sọ di òfin ilé kò lágbára nílé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n gbé àbá ìbáradọ́gba akọ àti abo dé ilé aṣòfin àgbà ní oṣù Kẹta 2016, wọ́n dà á nù.

Tádé Kọ̀ǹpútà:
Mo gbà pé mo yára jù lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ní ti Nàìjíríà, láti 2020 ni CBN ti ní ètò kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá yáwó báǹkì tí kò san, wọ́n lè fi BVN rẹ̀ tọpa owó rẹ̀ lọ sínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn, kí wọ́n yọ ọ́. Bí BVN obìnrin bá wà lọ́wọ́ wọn, fọ́tò ọkọ wúlò fún kí ni?

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Fọ́tò ọkọ wà fún ìtìjú. Ẹ má tan ara yín. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin á jà fitafita kí ọkọ tàbí àna rẹ̀ má bàa gbọ́. Ìyẹn ni ìdógò wọn. Mo ṣì gbà pé kí tọkọtaya jọ mọ gbèsè tó bá wọlé, n ò yí ìyẹn padà. Àmọ́ inú ilé ni kí wọ́n ti sọ ọ́, kì í ṣe nídìí káńtà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ọmọkùnrin yẹn gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ló bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ.

Àlàkẹ́ Gbági:
Ẹ ṣé é, bàbá. Ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀ o. Báǹkì ńlá ò ní kí n mú ọkọ wá, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ìwé ilẹ̀ ilé wa, orúkọ ta ló wà níbẹ̀?

Fọlákẹ́ Dallas:
Orúkọ ọkọ, kí n tó béèrè. Nítorí ìyẹn ni òfin 2017 nípa ohun ìdógò tó ṣeé gbé ṣe wúlò fún yín. Ẹ lè fi ẹ̀rọ ìránṣọ, fíríìjì, tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù dúró, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín bóyá wọ́n ń gbà á.

Adùnní Houston:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Kí ni kí n wá ṣe gan-an?

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Ẹ padà lọ, ẹ kọ orúkọ yín nìkan sí fọ́ọ̀mù, ẹ fi ìlà ọkọ sílẹ̀ ní òfo, ẹ fún wọn. Ó ṣe pàtàkì kí fọ́ọ̀mù wọlé, nítorí nígbà tí ó bá wọlé ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín ọjọ́ 30 wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín lésì, tí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ onídùúró, wọ́n lè béèrè bí ìwé yín bá kù díẹ̀ káàtó, àmọ́ wọn ò lè sọ pé ọkọ ni kó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lè ṣe é.

Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ owó ìtanràn tí kò ju 10,000 dọ́là lọ tí adájọ́ lè fi kún owó gbà-má-bínú, àti ọdún márùn-ún tí ẹ ní láti pẹjọ́. Lójú tèmi, ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí sí yẹn ni eyín òfin náà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí ọ̀gá tó ń kọ èèyàn sílẹ̀ fàlàlà lẹ́nu, àmọ́ tó bá di kó kọ ìdí rẹ̀ sórí ìwé, á gbé bíró, á gbé e sílẹ̀, á ní "ẹ jẹ́ ká tún un wò."

(Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Adùnní Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé dé lánàá. Kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ níbì kankan nínú rẹ̀! Ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: pé àkọsílẹ̀ gbèsè mi kò tíì pẹ́ tó. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lo káàdì kan o, mi ò pẹ́ san án rí. Mo pe ilé iṣẹ́ káàdì náà. Wọ́n ní ọkọ mi ló ni àkáǹtì, èmi kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti máa lò ó. Ọkọ̀ náà ti dé ṣá, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ mi ló yá mi lówó, orúkọ mi nìkan. Toyota.

Àjàní Akọ̀wé, Maryland:
Ẹ kú oríire. Ẹ má fi ti káàdì yẹn sílẹ̀ o. Regulation B ní bí ọkọ tàbí aya bá ń lo àkáǹtì pẹ̀lú ẹni tó ni ín, tí wọ́n bá ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́, orúkọ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nítorí àwọn opó àti àwọn tó kọ ọkọ, tí wọ́n jí lọ́jọ́ kan tí wọn ò ní àkọsílẹ̀ kankan, ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín, ẹ wò ó bóyá káàdì náà wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ìyàwó ẹni tó ni àkáǹtì ni yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò mọ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ọmọ mi obìnrin kan wà ní Atlanta, káàdì ọkọ rẹ̀ ló ń ná láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Àjàní, jọ̀ọ́, tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kọ, ní kedere, kí n fi ránṣẹ́ sí i.